Ibi Tí Kátúùnù Akọni Máa Ń Kú Sí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn Spider-Man, Batman àti àwọn akọni alágbára yòókù. Ẹnì kan á ní wọ́n ti ṣe kátúùnù Deadpool, akọni aláwàdà kan, rí, òun tilẹ̀ ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí fóònù. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, kò sí ohun tó jọ ọ́. Àwọn méjèèjì ló jàre. Ní Oṣù Karùn-ún 2017, tẹlifíṣọ̀n FXX ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti ní kí wọ́n ṣe kátúùnù Deadpool, apá 10, pé òṣèré àti òǹkọ̀wé Donald Glover àti àbúrò rẹ̀ Stephen ni yóò darí rẹ̀, ọdún 2018 ni yóò sì jáde. Oṣù Kẹta 2018 kò tíì parí tí wọ́n fi kéde pé kò sí mọ́. Apá kan ṣoṣo kò dé orí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀ wọ́n ti kọ ìtàn, wọ́n ti ya àwòrán, fídíò ìdánwò kékeré kan sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí nìyẹn.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe oríṣiríṣi nǹkan. A ó ní "wọn ò ṣe é", ká má sì bèèrè pé ibo ni wọ́n ṣe é dé. Àwọn kan wà tí kò kọjá orí bébà. Àwọn kan ní apá kan péré, tí wọ́n ṣe láti fi wá oníbàárà. Àwọn kan ti ń lọ dáadáa kí wọ́n tó gé wọn láàárín. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ ti jìnnà lórí wọn kí ọ̀gá tuntun tó dé, tó ní òun ò ṣe mọ́. Lójú tèmi, bí a bá ti mọ ibi tí kátúùnù kan kú sí, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó pa á. Ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé eré náà ni kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí irú eré yìí ṣe ń dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ní èrò lọ́kàn kì í sábà jẹ́ ẹni tó ni akọni náà. Marvel ló ni Spider-Man àti Captain America. DC ló ni Batman àti Superman, Warner ló sì ni DC. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn ṣe eré á kọ ìwé ìtọ́nà: ta ni akọni yìí, ta ni ọ̀tá rẹ̀, ìlú wo ló ń gbé, irú ìtàn wo la ó máa sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ayàwòrán á ya ojú àti aṣọ àwọn èèyàn inú rẹ̀. Wọ́n á wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bó bá wu àwọn yẹn, wọ́n lè sanwó kí òǹkọ̀wé kọ ìtàn àkọ́kọ́ tán pátápátá, tàbí kí wọ́n ní kí wọ́n ṣe apá kan fún ìdánwò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní páílọ́ọ̀tì. Bí ìyẹn bá dùn mọ́ wọn ni wọ́n á tó dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ rà: 10, 13, 26. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣèré á gba ohùn sílẹ̀, wọ́n á to ìtàn náà sílẹ̀ ní àwòrán kéékèèké, wọ́n á sì kó iṣẹ́ yíyà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí Japan tàbí Kòríà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ pọ̀ sí.

Ní gbogbo ọ̀nà yìí, owó ẹlòmíì ni wọ́n ń ná. Tẹlifíṣọ̀n ń san tirẹ̀, ẹni tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ń fi díẹ̀ kún un, àwọn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ òkèèrè náà ń dá tiwọn. Kò yàtọ̀ sí kíkọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí: owó lè wà, bíríkìlà lè mọ iṣẹ́, bí mọ̀lẹ́bí kan bá dìde lọ́jọ́ ìpìlẹ̀ tó ní òun ò fọwọ́ sí i, ó tán.

Àwọn tí kò kọjá orí bébà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tẹlifíṣọ̀n ABC fẹ́ ṣe kátúùnù Daredevil, lọ́yà afọ́jú tó ń gbógun ti àwọn ọ̀daràn ní New York, tí Stan Lee àti Bill Everett dá sílẹ̀ ní 1964. Wọ́n fẹ́ fún un ní ajá tí yóò máa mú un rìn, kí orúkọ ajá náà sì jẹ́ Lightning. Òǹkọ̀wé tó kọ ọ́ kẹ́yìn ni Mark Evanier. Ó sọ ní 2008 pé àwọn kan ti kọ tiwọn kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ òun, àti pé nínú ìwé tòun, ajá lásán ni Lightning, kò ní agbára kankan.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá yìí á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ABC yẹn kan náà ló ti ń gbé Super Friends jáde láti 1973, níbi tí ajá kan tó ń jẹ́ Wonder Dog ti ń bá Batman àti Superman jáde, tí ọ̀bọ kan tó ń jẹ́ Gleek sì wá gba ipò rẹ̀ ní 1977. Àwọn tó ń sanwó gbà pé ọmọdé ò ní jókòó wo àgbàlagbà tó ń ja ìjà bí kò bá sí ẹranko níbẹ̀. Torí náà, ajá Daredevil kò ṣàjèjì rárá sí ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà náà. Èmi ò rò pé òun ló pa eré yẹn. Iṣẹ́ tó bá ti ń ti ọwọ́ òǹkọ̀wé kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ẹni tó ń sanwó ni kò tíì mọ ohun tó fẹ́.

Captain America náà ò jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ Saban àti Marvel ń pète kátúùnù kan tí yóò gbé e padà sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú Red Skull tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Wọ́n kọ ìtàn, wọ́n ya àwòrán àwọn èèyàn inú rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ṣe fídíò bí ìṣẹ́jú kan láti fi polówó èrò náà. Ìṣẹ́jú kan yẹn làwọn èèyàn ń pín kiri tí wọ́n fi ń sọ pé "wọ́n ti ṣe é tán". Wọn ò ṣe é tán. Marvel ti lọ sí kóòtù ní Oṣù Kejìlá 1996 láti sọ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ eré tuntun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Yàtọ̀ sí ti owó, ẹ tún rò ó wò: báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ ṣe eré ogun Hitler fún ọmọ ọdún méje láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn tó ń yẹ eré ọmọdé wò ní Amẹ́ríkà ń ka iye ẹ̀ṣẹ́ tí akọni ń jù?

Nígbà míì, kì í ṣe eré ló ń kú sórí bébà, akọni ni wọ́n ń yọ kúrò nínú eré. Ìtàn kan wà tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, pé nígbà tí NBC gbé kátúùnù Fantastic Four jáde ní 1978, wọ́n yọ Human Torch, akọni inú rẹ̀ tí ara rẹ̀ máa ń gbiná, kúrò kí àwọn ọmọdé má baà dáná sun ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kátúùnù Hanna-Barbera ti ṣe Fantastic Four fún ABC ní 1967, Human Torch ń jó bí ògùṣọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1978 ni pé wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ orí Human Torch fún Universal, tó fẹ́ fi òun nìkan ṣe fíìmù tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ń ṣe kátúùnù wá fi rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń jẹ́ H.E.R.B.I.E. rọ́pò rẹ̀. Fíìmù tí wọ́n torí ẹ̀ dá akọni dúró yẹn kò jáde.

Apá kan ṣoṣo

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ti X-Men, ẹgbẹ́ àwọn akọni Marvel tí wọ́n bí agbára mọ́, nítorí pé òkú rẹ̀ kò dákẹ́.

Marvel Productions ń ṣe kátúùnù RoboCop ní 1988. Owó tí wọ́n ní lọ́wọ́ tó fún apá 13. Wọ́n ṣe 12, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì fi owó ìkẹtàlá ṣe páílọ́ọ̀tì X-Men. Orúkọ rẹ̀ ni Pryde of the X-Men. Toei ní Japan ló ya á, ó sì gùn tó bí ìṣẹ́jú 22, ìyẹn ìdajì wákàtí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ àkókò ìpolówó. Kitty Pryde, ọmọbìnrin tó lè gba inú ògiri kọjá, dé ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier, ó bá Cyclops, Storm àti àwọn yòókù níbẹ̀, Magneto sì kó ìjà dé. Àwòrán rẹ̀ mọ́, ó lẹ́wà, ó dára ju púpọ̀ nínú ohun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n ọmọdé nígbà yẹn lọ. Àmọ́ Wolverine, ọ̀kan nínú àwọn akọni náà, tí gbogbo òǹkàwé kọ́míìkì mọ̀ sí ọmọ Kánádà, ń sọ̀rọ̀ bí ará Australia. Títí dòní, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ò tíì dárí jì wọ́n.

Wọ́n gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Oṣù Kẹsàn-án 1989. Tẹlifíṣọ̀n kankan ò ra èyí tó kù.

Ọ̀pọ̀ àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń parí síbí, wọ́n á ní "wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí ohùn Wolverine". Ẹ má gbà á gbọ́. Margaret Loesch ni olórí Marvel Productions nígbà náà. Ó ti ń gbé X-Men kiri ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì ń dá a padà, wọ́n gbà pé àwọn tó ń ka kọ́míìkì nìkan ló máa wò ó. Ohùn Kánádà tàbí ohùn Australia kọ́ ni wàhálà wọn. Àwọn tí àpò wà lọ́wọ́ wọn ni kò mọ ẹni tó ń jẹ́ X-Men.

Ní 1990, wọ́n fi Loesch ṣe olórí Fox Kids, ẹ̀ka eré ọmọdé tẹlifíṣọ̀n Fox. Obìnrin tó ti ń tọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà wá di ẹni tó mú àpò dání. Ní Oṣù Kẹwàá 1992, X-Men bẹ̀rẹ̀ lórí Fox, ó sì gbòde kan. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá Pryde of the X-Men lọ o. Àwọn èèyàn tuntun ló kọ ọ́, àwòrán tuntun ni, Cal Dodd tó jẹ́ ọmọ Kánádà ló sì ṣe ohùn Wolverine. Ó dé apá 76 kó tó parí ní 1997, nígbà tó sì di 2024, Marvel ń bá ìtàn rẹ̀ lọ nínú X-Men '97.

Páílọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ̀ náà tún yọ síta láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí. Nígbà tí Konami ṣe géèmù X-Men ńlá tó jáde ní 1992, èyí tí èèyàn 6 lè jọ ta lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ àti ìrísí àwọn akọni inú páílọ́ọ̀tì yẹn ni wọ́n lò. Àìmọye ọmọ tó ná owó sílẹ̀ sídìí ẹ̀rọ yẹn ló bá àwọn akọni eré tí kò wáyé jagun, tí wọn ò sì mọ̀.

Ẹni tó sanwó àti ẹni tó ni akọni

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Deadpool, nítorí ibi tó kú sí yàtọ̀. Òun kọjá bébà, ó kọjá páílọ́ọ̀tì. Wọ́n ti ra apá 10. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ á rò pé ó di dandan kó jáde. Kò di dandan. Àdéhùn ni wọ́n ṣe, àdéhùn sì ní ẹni méjì ó kéré tán: FX tó ni FXX, àti Marvel Television tó ni akọni. Nígbà tí wọ́n pínyà ní Oṣù Kẹta 2018, wọ́n ní èrò wọn kò bára mu lórí bí eré náà ṣe yẹ kó rí. Gbólóhùn yìí ni wọ́n máa ń sọ nígbà gbogbo, kò sì sọ nǹkan kan fún wa.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́rùn Donald Glover. Òun fúnra rẹ̀ jáde sórí Twitter láti sọ pé òun ò ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ó sì gbé ìwé eré ojú ewé 15 síbẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú rẹ̀, Deadpool wà ní Kẹ́ńyà, ó ń ṣọ́ Sudan, akọ àgbáǹréré funfun ìhà àríwá tó kẹ́yìn láyé, ó sì ń sọ̀sọkúsọ nípa bí wọ́n ṣe fagi lé eré òun. Sudan gan-an ti kú ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹta ọdún yẹn, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìkéde náà. Glover pa ìwé náà rẹ́ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti dà á kọ. John Landgraf, olórí FX, sọ lọ́dún yẹn kan náà pé Marvel ló pinnu, pé ìbá ṣe ti FX nìkan ni, eré tí àwọn Glover fẹ́ ni àwọn ìbá ṣe.

Ẹ fi ọkàn sí apá ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó fẹ́ sanwó ṣe tán, òǹkọ̀wé ṣe tán, ẹni tó ni akọni ní rárá. Mo gbà pé àdánù ńlá ni, nítorí pé kò pọ̀ tí a ó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ tó Glover nídìí irú akọni aláwàdà burúkú bẹ́ẹ̀.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Ní Oṣù Kejì 2019, Marvel Television àti Hulu, tó ń gbé eré jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde kátúùnù àgbàlagbà 4 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: M.O.D.O.K., Hit-Monkey, Howard the Duck, àti Tigra pẹ̀lú Dazzler, kí gbogbo wọn sì pàdé níkẹyìn nínú ìkarùn-ún tí wọn ó pè ní The Offenders. Ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n ká Marvel Television mọ́ inú Marvel Studios, ẹ̀ka Marvel tó ń ṣe fíìmù. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n fagi lé Howard àti Tigra. Méjì tí iṣẹ́ ti jìnnà lórí wọn jáde ní 2021, ìpàdé gbogbogbòò ò sì wáyé mọ́. Nígbà tí ọ̀gá bá yí padà, iṣẹ́ tí ọ̀gá àná fọwọ́ sí kì í rí alágbàwí.

Ti The Spectacular Spider-Man dùn mí ju ti Howard lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣe apá 26 nínú rẹ̀. Greg Weisman, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí iṣẹ́ náà, ti pète rẹ̀ dé apá 65. Ẹ̀yin tó ń rí 65 yìí níbi gbogbo tí ẹ ń ṣe kàyéfì, ìṣirò ọjọ́ ni: eré tó bá ń jáde láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè fún ọ̀sẹ̀ 13 yóò gba apá 65, iye yẹn ni tẹlifíṣọ̀n lè máa rà tí wọ́n á máa tún gbé jáde. Sony ló ṣe eré yìí, nítorí pé ọwọ́ Sony ni ẹ̀tọ́ láti fi Spider-Man ṣe kátúùnù tẹlifíṣọ̀n wà. Ní 2009, ẹ̀tọ́ yẹn padà sọ́wọ́ Marvel. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Disney kéde pé òun ń ra Marvel ní nǹkan bí bílíọ̀nù 4 dọ́là. Wò ó báyìí: Marvel ti gba Spider-Man padà, ṣùgbọ́n eré yẹn, pẹ̀lú ojú tí wọ́n yà fún àwọn èèyàn inú rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀, ti Sony ṣì ni. Sony ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe sí i, Marvel ò sì ní eré náà. Kò sẹ́ni tó bínú sí i, kò sẹ́ni tó ní kò dára, síbẹ̀ kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti bá a lọ. Disney bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, Ultimate Spider-Man, ní 2012.

Ti ohun ìṣeré ọmọdé kò gba àlàyé púpọ̀. Kátúùnù Green Lantern parí lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo ní 2013, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ò fẹ́ gba bèbí Green Lantern mọ́ torí pé èyí tí wọ́n kó jọ fún fíìmù 2011 kò tà. Young Justice, kátúùnù àwọn ọ̀dọ́ akọni DC, dúró lọ́dún yẹn kan náà. Weisman, ọkùnrin yẹn náà tó tún wà lára àwọn olórí iṣẹ́ yìí, ṣàlàyé pé owó Mattel tó ń ṣe ohun ìṣeré ló ń gbé eré náà ró, bí ọjà ò ṣe yá ni owó tán. Young Justice padà wá ní 2019. Green Lantern ò padà.

Ọ̀rọ̀ owó orí

Láti 2022 ni ohun kan ti wá mú kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ lọ́jú pọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Warner dara pọ̀ mọ́ Discovery ní Oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Ní Oṣù Kẹjọ, wọ́n ní fíìmù Batgirl, tí wọ́n ti yà tán tí wọ́n sì ń tún ṣe lọ́wọ́, tó ti jẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 90 dọ́là, kò ní jáde láé. Batgirl kì í ṣe kátúùnù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í yé ara wa, torí pé láti ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ti ń sọ pé "wọ́n fi í jẹ owó orí" nípa gbogbo eré tí kò jáde.

Bó ṣe rí nìyí. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá di ọ̀kan, òfin Amẹ́ríkà fún wọn láyè láti sọ nípa àwọn ohun kan tí wọ́n bá nínú ẹrù pé àwọn ò lò ó mọ́, kí wọ́n kọ owó tó ti jẹ sílẹ̀ bí àdánù. Owó orí wọn á dín kù nítorí àdánù yẹn. Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí wọ́n tún padà máa fi ohun náà pawó. Ìdí nìyí tí fíìmù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí fi lè wà nínú àpótí tí wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Batman: Caped Crusader yàtọ̀ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kan náà ló ṣẹlẹ̀. Kátúùnù Bruce Timm, J.J. Abrams àti Matt Reeves ni, HBO Max, ibi tí Warner ti ń gbé eré jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kọ́kọ́ gbà á ní 2021. Ní Oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n ní HBO Max ò ní gbé e jáde mọ́. Ariwo ta, àwọn èèyàn ní ó ti kú. Kò kú. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ bí àdánù, iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, wọ́n kàn ń wá ilé míì fún un ni. Amazon gbà á ní 2023, ó sì jáde ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹjọ 2024. Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n kan ti jọ̀wọ́ eré kan, ẹ bèèrè bóyá ẹni tó ń ṣe é náà ti dáwọ́ dúró. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló ya Batgirl sọ́tọ̀ kúrò lára Caped Crusader.

Àwọn fídíò tó ń jà ràn-ìn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rọ AI ṣe, wọ́n á sì kọ "tí wọ́n fagi lé" sí i lórí kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Eré tí wọ́n pète lóòótọ́ máa ń fi ipa sílẹ̀: tẹlifíṣọ̀n kan pàtó, ọdún kan pàtó, iye apá, orúkọ òǹkọ̀wé tó lè jáde sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá rí ìkankan nínú wọn, ẹ má pín in.

Ẹ̀yìn odi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ páílọ́ọ̀tì wà. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó dá YouNeek Studios sílẹ̀, fẹ́ ṣe kátúùnù akọni ilẹ̀ Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rí ẹni tó máa sanwó, ó sì yí sí ìwé kọ́míìkì, tí àwọn èèyàn dáwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015. Ní 2019, YouNeek àti Anthill, ilé iṣẹ́ Niyi Akinmolayan ní Èkó, gbé páílọ́ọ̀tì Malika: Warrior Queen jáde. Ọbabìnrin ajagun ni Malika, ó ń jọba lórí ilẹ̀ Azzaz ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti sẹ́ńtúrì 15. Adesua Etomi ló ṣe ohùn rẹ̀, Femi Branch sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó gùn tó bí ìṣẹ́jú 15. Tẹlifíṣọ̀n kankan ò tíì sọ ọ́ di eré ọlọ́pọ̀ apá.

Ṣùgbọ́n Okupe kì í ṣe òǹkọ̀wé tó yá akọni lọ́wọ́ Marvel. Nígbà tí Malika dúró, kò sí Sony tàbí Fox tó kó àwọn akọni yòókù lọ. Ó mú òmíràn jáde nínú ìwé rẹ̀, Iyanu, ọmọ òrukàn tó ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá inú ìtàn, ilé iṣẹ́ kátúùnù Lion Forge ní Amẹ́ríkà sì bá a ṣe é. Cartoon Network bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní Oṣù Kẹrin 2025. Páílọ́ọ̀tì Malika wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wò ó, kó fi ohùn Femi Branch wé ti Wolverine ará Australia yẹn, kó sọ fún mi èyí tó yẹ kí tẹlifíṣọ̀n kọ̀.